Aago Asọ̀rọ̀ Tí Àbúrò Mi Fi Ránṣẹ́ sí Bàbá Mi

Nígbà tí ojú bàbá mi ṣì ríran dáadáa, n kò gbọ́ ọ rí kí wọ́n bèèrè aago lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn ẹlòmíràn ló máa ń bi wọ́n. Bàbá mi ni ládàánì mọ́ṣáláṣí kékeré tó wà ní ìkángun òpópónà wa ní Ṣómólú. Àwọn ló ń pe ìrun, ọwọ́ wọn náà sì ni kọ́kọ́rọ́ géètì wà. Kí wọ́n tó fẹ̀yìntì, akọ̀wé ni wọ́n ní èbúté, iṣẹ́ wọn sì ni láti máa kọ ìgbà tí ọkọ̀ òkun gúnlẹ̀ àti ìgbà tó ṣí. Ìsàlẹ̀ Èkó ni a bí wọn sí, nínú ilé tí wọ́n ti ń kàwé, tí wọ́n sì ń kéwú, wọ́n sì gbé ìwà ibẹ̀ wá bá wa ní Ṣómólú. Bí Bàbá bá ní àwọn ń bọ̀ ní aago mẹ́rin, kò sí ìdí láti máa wo ọ̀nà kí aago mẹ́rin tó lù. Bó bá sì ti lù, kí ọbẹ̀ ti wà lórí tábìlì.

Rédíò ni wọ́n fi ń tọ́jú aago. Rédíò dúdú kan báyìí, tó ní irin gígùn tí à ń fà jáde, ni wọ́n máa ń gbé sójú fèrèsé láàárọ̀. Wọ́n á máa yí bọ́tìnnì rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ọwọ́ wọn á fi ba ilé iṣẹ́ rédíò òkèèrè kan láàrin ariwo tó ń ta pàrà bí epo gbígbóná. Kí ìròyìn tó bẹ̀rẹ̀, rédíò náà á kọ́kọ́ dún: pí, pí, pí, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, títí dé èyí tó gùn ju àwọn tó kù lọ. Ibi tí èyí tó gùn yẹn bá ti bẹ̀rẹ̀ ni aago lù gan-an. Bàbá á ti fa ìkó kékeré ara aago ọwọ́ wọn síta, wọ́n á fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n á máa retí. Bó bá ti dún, wọ́n á tì í wọlé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á yí aago ara ògiri, kí wọ́n tó gba mọ́ṣáláṣí lọ láti yí tibẹ̀.

Mo bi wọ́n nígbà kan, nígbà tí mo ṣì wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, pé kí ló dé tí rédíò fi ní aago márùn-ún lù, tí àwọn sì yí tiwa sí mẹ́fà. Wọ́n ní aago ìlú ọba ni rédíò yẹn ń sọ, pé òun ni gbogbo ọkọ̀ òkun lágbàáyé ń lò, àti pé bó bá dé ọ̀dọ̀ tiwa, à á kàn fi oókan lé e ni. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Títí mo fi di ìyá ọlọ́mọ, mo rò pé gbogbo ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà nìyẹn.

Rédíò ló kọ́kọ́ já Bàbá kulẹ̀ kó tó kan ojú. Àdúgbò wa kò jìnnà sí Bájúláyé, ibi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé pọ̀ sí ju ilé oúnjẹ lọ. Èmi náà ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan níbẹ̀. Bí iná ìjọba ṣe ń lọ tó bẹ́ẹ̀, kálukú wa ra jẹnẹrétọ̀, jẹnẹrétọ̀ sì ń da ariwo sínú rédíò. Àwọn ilé iṣẹ́ òkèèrè náà ń dín ohùn wọn kù lọ́dọọdún, títí ó fi jẹ́ pé àárọ̀ mìíràn wà tí Bàbá á yí bọ́tìnnì yẹn títí, tí wọn ò ní í gbọ́ nǹkan kan ju pàrà-pàrà lọ. Àwọn ilé iṣẹ́ rédíò ti Èkó ń dún kedere, àmọ́ àwọn tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ máa ń fi aago ṣeré. Wọ́n á ní aago méje ti kọjá díẹ̀. Bàbá á dá rédíò lóhùn pé, "Díẹ̀ báwo?"

Lẹ́yìn náà ni àrùn ojú dé, irú èyí tó máa ń jí ìríran gbé láti ẹ̀gbẹ́ bọ̀ sí àárín, tí kì í sì í ro èèyàn. Kí a tó mọ̀, ó ti mú púpọ̀ lọ. Dókítà ní oògùn tí a ń kán sójú lè dá ìyókù dúró, àmọ́ èyí tó ti lọ kò ní í padà. Fún ìgbà díẹ̀, Bàbá ń gbé aago ọwọ́ wọn sún mọ́ imú, wọ́n á yí i síbi ìmọ́lẹ̀. Nígbà tó yá, ìyẹn náà kò ṣeé ṣe mọ́. Síbẹ̀ wọn kò bọ́ aago náà kúrò lọ́wọ́.

Mọ́ṣáláṣí kò di ìṣòro. Ọwọ́ Bàbá mọ gbogbo ògiri tó wà láàrin ilé wa àti ibẹ̀, ọ̀pá wọn mọ ibi tí gọ́tà ti ṣí sílẹ̀, ẹnu wọn kò sì nílò ojú láti pe ìrun. Àsìkò ni ìṣòro. Mo rí i bí ó ṣe nira fún wọn tó láti bèèrè. Wọn kì í bi mí pé aago mélòó ló lù. Wọ́n á ní, "Ṣé àwọn ọmọ ilé ìwé ti ń kọjá?" Tàbí kí wọ́n ní ṣé mi ò ní í pẹ́ dé ṣọ́ọ̀bù báyìí. Èmi náà á ṣe bí ẹni tí kò fura, màá kàn fi aago há inú ìdáhùn mi: "Rárá o, aago méje kò tíì lù." Ọmọ mi gbìyànjú láti kọ́ wọn ní bí fóònù ṣe lè máa sọ aago fún wọn, àmọ́ ojú fóònù kò ní bọ́tìnnì, ó ń yọ̀ lábẹ́ ìka wọn bí ẹja. Lọ́jọ́ kan ó pe ẹnìkan tí wọn kò mọ̀ rí. Wọ́n bẹ onítọ̀hún, wọ́n gbé fóònù náà kalẹ̀, wọn kò sì gbé e mọ́.

Àbúrò mi obìnrin wà ní ìlú òyìnbó. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo sọ gbogbo èyí fún un, ó ní òun mọ ohun tí àwọn arúgbó tí kò ríran ń lò lọ́dọ̀ àwọn. Ní àkókò òjò, ó fi ọ̀kan rán ẹnìkan tó ń bọ̀ wálé: aago funfun roboto, tó ní bọ́tìnnì kan ṣoṣo lórí, bọ́tìnnì tó tóbi tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́, obìnrin kan á sọ aago ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bíi nọ́ọ̀sì tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Mo gbé fóònù mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí a tú u sílẹ̀, aago méjèèjì bá ara wọn mu láìfi ìṣẹ́jú kan yàtọ̀. Àbúrò mi ní ẹ má yí nǹkan kan lára rẹ̀ o, pé aago náà mọ bó ṣe ń tún ara rẹ̀ ṣe. A dúpẹ́. Kò sí ẹni nínú wa tó bèèrè pé kí ló ń tún ṣe.

Ara Bàbá yá gágá. Wọ́n gbé aago náà sórí àpótí kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn. Lóru, láàárọ̀, nígbàkígbà tó bá wù wọ́n, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà ni wọ́n nílò rẹ̀. Àwọn ará ilé tún bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè aago lọ́wọ́ wọn. Obìnrin tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn á nahùn láti ìdí àdògán rẹ̀ pé, "Alàájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi àǹtí yẹn." Bàbá á tẹ̀ ẹ́, àǹtí á dáhùn. Àbúrò mi náà, tó jẹ́ pé ìgbà tó bá ráyè ló ń pè tẹ́lẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í pè ní aago mẹ́jọ géérégé ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, nítorí ó mọ̀ pé Bàbá á ti jókòó ti aago náà dè é.

Bẹ́ẹ̀ ni a wà títí di ìparí oṣù kẹwàá. Ìgbà yẹn ni ìgbà kàlẹ́ńdà fún àwa tí à ń tẹ̀wé. Gbogbo ẹgbẹ́, gbogbo ìjọ, gbogbo ẹni tó fẹ́ dupò, ló fẹ́ kí àwòrán òun wà lórí kàlẹ́ńdà ọdún tó ń bọ̀. Mo ti ṣiṣẹ́ bí aago ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, mo sì sùn bí òkú lálẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ní ìdájí, mo gbọ́ ìpè ìrun nínú oorun láti ìhà Bàrígà, mo tún gbọ́ òmíràn láti ọ̀nà Akọka. N kò gbọ́ ti Bàbá. Àmọ́ ẹni tó ń sùn kì í mọ ohun tí òun kò gbọ́.

Ẹni tó kan géètì ló jí mi. Lèmọ́ọ̀mù ni, pẹ̀lú ọ̀kan nínú àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí. Bí wọ́n ṣe wò mí, mo mọ ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù.

Lèmọ́ọ̀mù ní, "Ṣé àlàáfíà ni Alàájì wà?"

Mo ní mo gbà pé àlàáfíà ni. Wọ́n ṣàlàyé fún mi lójú ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé pé àwọn èèyàn ti dúró sẹ́nu géètì mọ́ṣáláṣí títí, pé kò sí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́, pé ọ̀kan nínú wọn ló dúró láàrin títì tó pe ìrun, tí wọ́n sì tẹ́ ẹní sórí sìmẹ́ǹtì lẹ́bàá gọ́tà kírun. Bí wọ́n ṣe kírun tán ni wọ́n ní kí àwọn wá wo Alàájì.

Bàbá wà ní ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n jókòó sórí àpótí ìjókòó wọn, wọ́n ká apá aṣọ wọn sókè, wọ́n ń fi bútà ṣe àlùwàlá láìkánjú. Wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ mi, wọ́n bi mí pé kí ló gbé mi dìde ní ìdájí báyìí. Oòrùn kò tíì yọ, àmọ́ ojú ọ̀run ti funfun, mo rí ìrùngbọ̀n wọn àti omi tó ń kán nínú rẹ̀ kedere.

"Bàámi," mo ní, "ilẹ̀ ti mọ́."

Wọ́n dá omi dúró. "Ilẹ̀ ti mọ́ báwo?"

Wọ́n dìde, wọ́n fọwọ́ tọ ògiri wọ yàrá lọ, a sì tẹ̀ lé wọn. Wọ́n tẹ aago náà. Àǹtí fi ohùn nọ́ọ̀sì rẹ̀ sọ pé aago márùn-ún ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ni. Bàbá kọ ojú sí wa, bí ẹni tó ti mú ẹlẹ́rìí wá. Fèrèsé wà lẹ́yìn wọn, ìmọ́lẹ̀ sì ti kún inú yàrá náà débi tí mo fi ń rí kọ́kọ́rọ́ mọ́ṣáláṣí tó rọ̀ lára ìṣó.

Lèmọ́ọ̀mù ló wá fi ohùn jẹ́jẹ́ ní, "Alàájì, a ti kírun."

Bàbá padà sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n sì ṣan ẹsẹ̀ wọn, ọ̀tún kí òsì tó kàn, nítorí àlùwàlá kò tíì parí. Nígbà tí wọ́n wọlé, wọ́n nawọ́ sára ògiri, wọ́n yọ kọ́kọ́rọ́ kúrò lórí ìṣó, wọ́n sì wá ọwọ́ lèmọ́ọ̀mù kàn. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú un dání." Lèmọ́ọ̀mù kọ̀ ọ́. Bàbá kò fa ọwọ́ wọn padà. Nígbà tó pẹ́, lèmọ́ọ̀mù gbà á.

Lẹ́yìn tí wọ́n kírun tiwọn tán, Bàbá sọ fún mi pé àwọn gbọ́ ìpè àwọn mọ́ṣáláṣí mìíràn. Wọ́n rò pé ìpè àkọ́kọ́ ni, èyí tí àwọn kan fi ń jí èèyàn kí àsìkò tó tó. Ọkàn kan ní kí àwọn dìde. Ọkàn kejì ní aago wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn, kí àwọn má tẹ̀ lé aládùúgbò ṣìnà. "Mo tẹ̀ ẹ́ ju ìgbà kan lọ," wọ́n ní. "Ohun kan náà ló ń sọ."

Ní ọjọ́ náà wọn kò jẹun dáadáa. Nígbà tí àsìkò ìrun àyílà tó, ohùn ẹlòmíràn la gbọ́ láti mọ́ṣáláṣí, ohùn kan tó tinrín, tó sì ń yára. Bàbá jókòó sí pálọ̀, wọ́n gbọ́ ọ parí. Wọ́n kírun nílé. Mo gbé aago náà lọ sí yàrá mi lókè. Mo tún gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù mi, ohun tí mo rí sì yà mí lẹ́nu: ìṣẹ́jú wọn dọ́gba bí ó ti wà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Wákàtí nìkan ló yàtọ̀. Bátìrì tó ń kú á fa aago sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ ni, kì í gbé odidi wákàtí kan mì kí ó sì fi ìyókù sílẹ̀. Mo pinnu pé ní ọjọ́ Ajé màá gbé e lọ bá ẹni tó ń tún aago ṣe ní Ọbáníkòró.

Lálẹ́, Bàbá gbé fóònù wọn kékeré ti tẹ́lẹ̀, oníbọ́tìnnì, sórí itan, wọ́n ń retí ìpè àbúrò mi. N kò sọ aago fún wọn, wọn kò sì bèèrè, àmọ́ ìròyìn aago mẹ́jọ bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n aládùúgbò wa, a sì jọ gbọ́ ọ. Ìròyìn náà parí. Fóònù kò dún. Mo rí ọwọ́ Bàbá tó na síbi tí aago máa ń wà lórí tábìlì nígbà tí wọ́n bá gbé e wá sí pálọ̀, tó bá ibẹ̀ lófìfo, tó sì padà sí itan. Ohun tó dùn mí jù lọ́jọ́ náà nìyẹn, ó dùn mí ju ti àárọ̀ lọ. Ó dà bíi pé gbogbo ohun tó ń sọ fún wọn pé wọ́n ṣì wà láàrin àwa yòókù ti gbà láti já wọn sílẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Nígbà tó pé wákàtí kan tí ìròyìn ti bẹ̀rẹ̀, fóònù dún.

Bàbá ní, "O pẹ́ kí o tó pè lónìí."

Ohùn àbúrò mi jáde láti inú fóònù náà kedere. "Bàámi, mi ò pẹ́ o. Aago mẹ́jọ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ lù yìí."

Mo gba fóònù náà lọ́wọ́ wọn. Mo ní kó tún ohun tó sọ sọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún un sọ, kò parí rẹ̀. Mo gbọ́ ọ tó mí kanlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "wọ́n ti yí aago. Lóru àná ni wọ́n yí i. Mo gbàgbé pátápátá pé ti Bàbá náà á yí."

Ó wá ṣàlàyé, èmi náà sì ń tún un sọ fún Bàbá bó ṣe ń bọ̀. Ní ìlú òyìnbó, oòrùn ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn máa ń yọ nígbà tí èèyàn ṣì ń sùn, kì í sì í tètè wọ̀. Nítorí náà, ní oṣù kẹta, ìjọba wọn á ní kí gbogbo aago lọ síwájú ní wákàtí kan. Bó bá di ìparí oṣù kẹwàá, wọ́n á dá a padà. Ní gbogbo oṣù tí aago wọn bá fi wà níwájú yẹn, tiwọn àti tiwa á dọ́gba. Ìdí nìyẹn tí aago asọ̀rọ̀ fi bá fóònù mi mu lọ́jọ́ tó dé. Ọjọ́ tí wọ́n ń yí aago wà nínú ikùn rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ tó ti jáde, ó sì yí ara rẹ̀ nígbà tí Bàbá ń sùn, ó ṣe ohun tí ó bá ṣe ká ní orí tábìlì ọ̀kan nínú àwọn arúgbó tí àbúrò mi ń tọ́jú ló wà. Àbúrò mi kò rántí aago Bàbá, nítorí fóònù tirẹ̀ náà ń yí ara rẹ̀ láìjẹ́ pé ó fọwọ́ kàn án. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní òun ló fa ìtìjú bá Bàbá.

Bàbá gba fóònù padà. Wọ́n ní kó má sunkún, pé kò sí ẹni tó kú. Lẹ́yìn náà wọ́n bi í léèrè ohun kan tí kò retí.

"Rédíò wọn ńkọ́? Ṣé wọ́n máa ń yí ti rédíò náà?"

Àbúrò mi ní òun kò mọ̀. Bàbá ní àwọn mọ̀. Wọ́n ní ní gbogbo ọdún tí àwọn fi gbọ́ rédíò òkèèrè yẹn, lójò àti lọ́gbẹlẹ̀, oókan ni àwọn ń fi lé e, kò di òfo rí. Wọ́n ní aago tí àwọn ọmọ aráyé ń tẹ̀ lé dúró síbi kan, àwọn tó ni ín ló ń ṣí kúrò nídìí rẹ̀ ní ìdajì ọdún. Wọ́n sọ ọ́ pẹ̀lú ìyanu, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé ọ̀rẹ́ tí òun ti mọ̀ látọjọ́ pípẹ́ ní ilé mìíràn níbòmíràn. Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Ní ọjọ́ kejì, àbúrò mi wá ìwé aago náà rí. Ó ní bọ́tìnnì kékeré kan wà lábẹ́ ìdérí bátìrì, pé bí mo bá tì í sápá kejì, aago náà kò ní í yí ara rẹ̀ mọ́, mo sì lè fi sí aago tiwa títí láé. Mo yọ pín-ìnnì kan nínú irun mi, mo ṣí ìdérí náà. Bàbá gbọ́ ọ tó dún kẹ́.

"Fi sílẹ̀," wọ́n ní.

Mo ní kí ló dé. Wọ́n ní kí ni ó ṣòro níbẹ̀, ṣé kì í ṣe oókan náà ni? Àwọn ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi oókan lé e kí wọ́n tó bí mi. Mo ní bí ẹ bá gbàgbé ńkọ́, bí ó bá di oṣù kẹta tí ó tún yí ńkọ́? Wọ́n ní ọmọ àwọn á pe àwọn kó tó yí, á sọ fún àwọn, kò ní í gbàgbé mọ́. Wọ́n fi kún un pé, "Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, màá mọ aago tó lù níbi tó wà. Màá mọ̀ bóyá ó ti jí, tàbí ó ṣì wà níbi iṣẹ́." Mo dé ìdérí náà padà.

Lèmọ́ọ̀mù wá ní ìrọ̀lẹ́, kọ́kọ́rọ́ wà nínú àpò rẹ̀. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, ó sì gbọ́ ọ pẹ̀lú ìtura, nítorí àwọn kan ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ọkàn Alàájì ti ń lọ bí ojú wọn ṣe lọ. Ó fi kọ́kọ́rọ́ náà síwájú Bàbá. Bàbá ní kí wọ́n fi í fún ẹni tó ní ojú. Lèmọ́ọ̀mù kò bá wọn jiyàn. Ó bi wọ́n bóyá wọ́n rántí afọ́jú tó ń pe ìrun nígbà ayé Ànábì. Bàbá ní ta ni kò rántí, láti ilé kéwú ni àwọn ti mọ ìtàn yẹn.

"Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kì í pe asùbáà," lèmọ́ọ̀mù ní, "àfi bí àwọn èèyàn bá sọ fún un pé ilẹ̀ ti mọ́."

Bàbá ní òótọ́ ni, pé ibi tí afọ́jú ti pe ìrun nínú ìtàn náà ni àwọn máa ń gbọ́, pé àwọn kò gbọ́ ibi tí wọ́n ti ń sọ fún un rí. Wọ́n mú kọ́kọ́rọ́ náà. Wọ́n ní àmọ́ kí mọ́ṣáláṣí ṣe èkejì rẹ̀, kí ó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, kí ìjọ má tún kírun lẹ́bàá gọ́tà nítorí ènìyàn kan ṣoṣo.

Ọ̀nà tí ó gbà yanjú nìyẹn. Télọ̀ kan tó máa ń tètè jí ní kọ́kọ́rọ́ kejì lọ́wọ́. Bó bá ń kọjá ní ìdájí, á fi ìka kan fèrèsé Bàbá, á ní, "Alàájì, ilẹ̀ ti ń mọ́ o." Bàbá á dáhùn pé àwọn ti mọ̀. Ìgbà mìíràn mo máa ń gbọ́ àǹtí tó ń sọ aago, màá gbọ́ Bàbá tó ń fi oókan lé e lẹ́nu, kí télọ̀ náà tó dé rárá. Nígbà mìíràn, télọ̀ ló ń jí wọn. Wọn kò bínú sí i.

Nígbà tí ọyẹ́ mú, àbúrò mi wálé. Ó ti pẹ́ gan-an tó ti wá kẹ́yìn, owó ọkọ̀ òfuurufú sì gbé púpọ̀ nínú ohun tó ti tọ́jú, àmọ́ ó ní òun kò lè tún máa fi nǹkan ránṣẹ́ dípò kí òun fúnra òun wá. Ó sọ fún wa pé ní òru tí wọ́n yí aago yẹn, òun wà níbi iṣẹ́. Ìyá arúgbó kan bi òun pé aago mélòó ló lù, òun sì sọ fún un. Ó sùn, ó jí, ó tún bèèrè, aago kan náà ni òun tún sọ fún un. Ìyá náà ní òun kò mọ̀ pé wọ́n ti ń purọ́ fún òun níbí. Àbúrò mi ní òun gbìyànjú láti ṣàlàyé fún un, kò gbà, ó kọjú sí ògiri. Bàbá bèèrè bóyá ìyá náà ní ọmọ. Ó dáhùn pé ìyá náà ní ọmọ, àmọ́ wọ́n jìnnà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, àbúrò mi ló mú Bàbá lọ sí mọ́ṣáláṣí fún ìrun alásárì. Èmi tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Eruku ọyẹ́ bo gbogbo òrùlé, àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sinmi nítorí ọjọ́ Àìkú ni, òpópónà wa sì dákẹ́ débi tí mo fi ń gbọ́ ọ̀pá Bàbá lára ògiri. Ní ẹnu géètì, wọ́n yọ ọwọ́ wọn kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fọwọ́ wá ihò kọ́kọ́rọ́, wọ́n ṣí i, wọ́n sì wọlé láti lọ pe ìrun. Àbúrò mi dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Nígbà tí ohùn náà bẹ̀rẹ̀, ó fi ìbòrí rẹ̀ nu ojú, ó ní ohùn Bàbá kò tíì yí. Mo ní ó ti yí díẹ̀, pé òun ló pẹ́ tó ti gbọ́ ọ. Ó ní bóyá. A dúró síbẹ̀ títí wọ́n fi pè é tán, àwọn obìnrin méjì kọjá lára wa, wọ́n kí wa. Àbúrò mi bọ́ bàtà rẹ̀, èmi náà bọ́ tèmi, a jọ wọlé.